Ìmọ́lẹ̀ Sì Wà: Kíkọ Orin Ìṣẹ̀dá fún Ohùn Mẹ́rin n'Ìbàdàn

Ẹ pe gbólóhùn yìí jẹ́ẹ́jẹ́: "ìmọ́lẹ̀ sì wà." Ẹ wá fi dò re mí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kà á: dò mí dò, dò, dò. Sílébù márùn-ún ni, ọ̀kan ṣoṣo ló gòkè nínú wọn, ìyẹn "mọ́". Mẹ́rin yòókù ń bẹ nílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láti fi ìtàn ìṣẹ̀dá inú Jẹ́nẹ́sísì ṣe orin fún ẹgbẹ́ akọrin Yorùbá, ibí yìí ni yóò ti kọ́kọ́ họrí. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ohùn ru sókè níbí, kí dùùrù bú, kí àwọn sopránò, obìnrin tó ń kọ ohùn òkè, la ẹnu dé etí. Ọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀ lòun ń lọ.

Joseph Haydn, olórin ará Austria, kò bá irú èyí pàdé. Orin ìṣẹ̀dá rẹ̀, tó kọ láàárín 1796 sí 1798, tí ìlú Vienna sì kọ́kọ́ gbọ́ ní gbangba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1799, ni wọ́n fi ń wọn gbogbo orin tó bá gba ọ̀nà yìí. Àwọn akọrin ìjọ n'Ìbàdàn mọ ègbè tó kádìí apá kìíní rẹ̀ dáadáa, èyí tó gba ọ̀rọ̀ Sáàmù 19 pé àwọn ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ògo Ọlọ́run. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn: rúdurùdu ní kíì (ìpele tí orin dúró lé) C mínọ̀, tó máa ń dún ṣókùnkùn, àwọn onífáólínì fi ohun tó ń mú kí okùn dún lábẹ́lẹ̀ há a lórí, àwọn akọrin wọlé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí, títí ọ̀rọ̀ fi kan "Licht", ìmọ́lẹ̀ lédè Jámánì. Níbẹ̀ ni ohun gbogbo bú jáde ní C méjọ̀, tó máa ń dún kedere. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1808, wọ́n kọ ọ́ ní Yunifásítì Vienna níṣojú Haydn fúnra rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ibi ìmọ́lẹ̀ yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti bú sí àtẹ́wọ́, tí bàbá náà sì nawọ́ sókè pé òkè ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbólóhùn Jámánì yẹn ṣe tò: "und es ward Licht". Ìmọ́lẹ̀ ló kẹ́yìn. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó, kò sì ya èèyàn lẹ́nu pé ìwé orin náà jáde ní 1800 pẹ̀lú èdè méjèèjì lábẹ́ nótì kan náà. Tiwa kò tò bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú, "sì wà" ló tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ nótì Haydn, orí "wà" ni ààrá yẹn yóò ti sán. Ẹlòmíì lè ní ìyẹn náà dára, pé wíwà ló ṣe kókó. Èmi ò gbà. Bí sopránò bá gbé "wà" lọ sókè, "wá" ló dà lẹ́nu rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ sì wá. Àṣìṣe tó ní ìtumọ̀ burú ju èyí tí kò ní lọ, torí kò sẹ́ni tí yóò fura sí i.

Láti ìgbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1853 ni ìlú yìí ti ń kọ orin ìsìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ ohùn òyìnbó. Etí ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó mọ orin kan láti kékeré kì í gbọ́ ohùn tó lòdì mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti há sórí ló ń gbọ́. Orin tuntun kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjọ yóò gbọ́ ọ, bí wọn ò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó ti lọ nìyẹn. T.K.E. Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà Krístì l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1953, pé bí a ṣe ń sọ ọ́ ló yẹ kí a máa kọ ọ́. Fẹ́lá Ṣówándé, olórin tí wọ́n bí ní 1905, tó wá ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, ọmọ abẹ́ Phillips ni. Àwọn tó ń kọ orin ìjọ lónìí gba òfin náà lẹ́nu. Nínú ìwé orin wọn, ohùn kìíní nìkan ló máa ń pa á mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ń sọ èdè tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dùùrù, ọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ tò. Bíbélì àtijọ́ kò fi àmì sórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. "Li atetekọṣe Ọlọrun dá ọrun on aiye" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, "ọrun" yẹn sì lè jẹ́ ọ̀run, ó lè jẹ́ ọrùn, ó lè jẹ́ ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà. Ẹ fi ọwọ́ kọ ẹsẹ Bíbélì mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà sórí ìwé, kí ẹ fi àmì sí gbogbo sílébù, kí ẹ wá fún ẹni mẹ́ta kà sókè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Níbi tí wọn kò bá ti ṣọ̀kan, ẹ fi yẹ́lò sí i. Àwọn ibi yẹ́lò yìí ni àwọn akọrin náà yóò ti yapa.

Ẹ ka sílébù pẹ̀lú. Ṣé "Ní àtètèkọ́ṣe" ni, sílébù mẹ́fà, àbí "Látètèkọ́ṣe", sílébù márùn-ún? Méjèèjì dára. Èkejì, mí dò dò mí re, tiẹ̀ ti jẹ́ orin kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé orin kò bá là á, ìdajì ẹgbẹ́ yóò kọ márùn-ún, ìdajì yóò kọ mẹ́fà, olùdarí yóò sì lo wákàtí kan láti wá ẹni tó ń ṣàṣìṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣàṣìṣe. Àti "ń" kékeré tó wà nínú "sì ń rábàbà": sílébù ni, mí ni, ó ní nótì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú, torí imú ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè fi imú kùn fún ìlù mẹ́rin (kíkà mẹ́rin) kí ó sì tún lágbára fún "rá" tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òfin orin fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Láàárín sílébù kan sí èkejì nínú gbólóhùn kan náà, bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin kò gbọdọ̀ sọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀, orin kò gbọdọ̀ gòkè. Bí ó ṣe jìn tó, ọwọ́ yín ló wà. Sílébù méjì tó bá wà ní ipele kan náà lè dúró sójú kan tàbí kí ó fi ìgbésẹ̀ kan yẹ̀. Bó bá ju ìyẹn lọ, etí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibi tí akọrin bá ti mí, ìdè já, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun níbi tó wù yín, èyí sì wúlò púpọ̀, torí Yorùbá a máa rọra rẹlẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn: mí tó kẹ́yìn kì í ga tó mí àkọ́kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí dò re mí ilé ìwé dàpọ̀ mọ́ d r m ti akọrin, ìyẹn sol-fa: d r m f s l t. Dò lè bọ́ sórí s, mí lè bọ́ sórí l. Kí ọ̀kan ṣáà ga ju èkejì lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó kọ́ orin ní yunifásítì kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ lè gbé orin Yorùbá láti kíì kan sí òmíràn, ẹ lè fà á gùn, ẹ lè jẹ́ kí áltò (ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin) fi ìlù méjì tẹ̀lé tẹ́nọ̀ (ohùn òkè àwọn ọkùnrin). Ẹ kò lè yí i dorí kodò. Yíyí orin dorí kodò jẹ́ ọgbọ́n pàtàkì nínú fúúgù òyìnbó, orin tí àwọn ohùn ti ń lé ara wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí "ọ̀run" dorí kodò, ọrùn ló dà: Ọlọ́run dá ọrùn òun ayé.

Ó kù àwọn ohùn mẹ́ta yòókù. Ẹ mú "Ọlọ́run" fúnra rẹ̀: re mí re. Bí ohùn kan bá kọ ọ́ ní m s d, tí ó já bọ́ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ọlọ́rùn ló pè, ẹni tó ní ọrùn. Ẹni tó ń kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ló máa ń jìn sí kòtò yìí jù, nítorí iṣẹ́ báàsì ni láti fò láti s sí d níparí orin. Ojútùú wà. Ní kíì F, kí sopránò kọ m s m, áltò d r d, tẹ́nọ̀ s t s nísàlẹ̀, báàsì d nísàlẹ̀, s, d. Gbogbo wọn gòkè, gbogbo wọn sọ̀, kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tó jọ dún pọ̀) méjèèjì pé pérépéré, ẹnu mẹ́rin sì pe Ọlọ́run. Olùkọ́ tíọ́rì yóò fi bírò pupa kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé sopránò àti báàsì jọ fò lọ bá ara wọn lórí s. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́.

Gbogbo ohùn kò lè máa rìn pọ̀ báyìí fún ogún ìṣẹ́jú ṣáá, yóò sú etí. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ kí àwọn ohùn ya ara wọn, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa lé kí àwọn yòókù máa gbè. Tàbí kí áltò àti tẹ́nọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan péré nínú gbólóhùn, kí wọ́n máa tún un pè. "Rábàbà" ni mo fẹ́ràn jù fún èyí: mí dò dò. Áltò bẹ̀rẹ̀, tẹ́nọ̀ tẹ̀lé e ní ìlù kan lẹ́yìn, wọn kò pàdé, wọn kò sì dúró, nígbà tí sopránò ń gbé "Ẹ̀mí Ọlọ́run" kọjá lórí wọn. Kò sí onífáólínì kankan níbẹ̀, omi sì ń mì.

Ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ padà sí ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, ẹsẹ kejì: "òkùnkùn sì wà lójú ibú." Ẹ ka márùn-ún àkọ́kọ́: òkùnkùn sì wà. Dò dò dò, dò, dò. Ẹ tún ka ti ìmọ́lẹ̀: dò mí dò, dò, dò. Sílébù márùn-ún sí márùn-ún, "sì wà" kan náà nídìí wọn, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: sílébù kejì gbé orí sókè. Mi ò rò pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ṣáà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí orin yóò ti bú jáde ń wá a ní ìparí gbólóhùn, bíi ti Haydn, nígbà tó jẹ́ inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Yorùbá fi sí.

Nítorí náà, òkùnkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní kíì D, kí àwọn ọkùnrin kọ "òkùnkùn sì wà" lórí d kan ṣoṣo, ohùn kan, láìyẹsẹ̀, láìní kọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí ó padà wá ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìlù kan náà, kí d yẹn lè jókòó sí etí ìjọ. "Rúdurùdu" tó wà nínú Bíbélì òde òní lè máa rìn káàkiri lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀gọ́: mí re dò re. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ, "Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà," láti ẹnu ẹnìkan tàbí báàsì nìkan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìlù mẹ́rin. Kí gbogbo ẹgbẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ "ì" lórí d tí òkùnkùn lò, pẹ̀lú kíkà kan náà, débi pé ìjọ yóò rò pé òkùnkùn tún fẹ́ dé. "Mọ́" ni kí ilẹ̀kùn ṣí. Sopránò fò láti d sí d òkè, áltò láti d sí m, tẹ́nọ̀ láti d ìsàlẹ̀ sí d, báàsì láti d ìsàlẹ̀ sí s. Báàsì kò lè di ìpìlẹ̀ mú níbẹ̀, torí òun náà gbọ́dọ̀ gòkè kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ẹsẹ̀ dùùrù ni kó di D ìsàlẹ̀ mú fún un. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni, ọwọ́ òsì ni. Ẹ di "mọ́" mú fún ìlù mẹ́jọ. Kí gbogbo wọn wá padà sórí d fún "lẹ̀ sì wà", ohùn kan, bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀.

D òkè yẹn tó fún sopránò. Àwọn olùdarí kan máa ń fẹ́ kí ó dé F ṣáàpù tó tún ga lórí rẹ̀, kí ó lè "tàn". Nínú ẹgbẹ́ ogójì èèyàn tí kì í ṣe iṣẹ́ orin ni wọ́n ń jẹ, mẹ́ta ni yóò kọ F yẹn, mọ́kànlá ni yóò pariwo. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ni "ì". Bí "ì" kò bá rẹlẹ̀ tó, tí "mọ́" kò sì fi gbogbo ara fò, re re dò ni yóò di, imọlẹ̀. Ìyẹn ni òrìṣà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú àwọn bàbá ìjọ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá kéde pé imọlẹ̀ sì wà.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó fẹ́ pa iná gbọ̀ngàn nígbà òkùnkùn kí ó sì tàn án níbi "mọ́", ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Àwọn gílóòbù gígùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó mọ́lẹ̀, "mọ́" yóò sì ti parí. Akọrin kò rí ìwé wọn nínú òkùnkùn. Bí iná bá sì lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni ìjọ yóò gbọ́ níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìlù mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ ló kù, wọ́n sì ní ìdẹkùn tiwọn. "Àti àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ó di ọjọ́..." ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹni tó kọ orin ní Gẹ̀ẹ́sì lè fi ìparí kan náà sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá: kìn-ín-ní jẹ́ dò mí mí, kejì jẹ́ re dò, kẹta àti kẹrin jẹ́ re re, karùn-ún jẹ́ re dò mí, kẹfà jẹ́ re dò. Ìparí mẹ́rin ni ẹ nílò. Ọjọ́ kìíní á parí sókè, lórí s, kò jókòó, èyí sì bá a mu torí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kẹta àti kẹrin á dúró sójú kan, d d. Karùn-ún á bọ́ sílẹ̀ kó tó fò sórí m, ọjọ́ ẹyẹ ni ọjọ́ yẹn. Kejì àti kẹfà ló ń parí ní r d, ìparí tó dúró gbọn-in. Kẹfà yẹ bẹ́ẹ̀. Kejì kò yẹ: ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì dáadáa, ọjọ́ kejì nìkan ni Ọlọ́run kò ti sọ pé ó dára. Ẹ fi kọ́ọ̀dù l sábẹ́ d rẹ̀ dípò kọ́ọ̀dù d, kí sopránò parí kí ilẹ̀ má sì gbà á. Ọjọ́ kẹta ló gba "ó dára" méjì, bí ẹni san gbèsè ti àná.

Àwọn ẹranko, Haydn ya àwòrán wọn pẹ̀lú ohun èlò kí akọrin tó dárúkọ wọn, kìnnìún bú ramúramù kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ìbàdàn kò nílò rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ ìjálá, kí ó ki kìnnìún, kí ó ki ẹfọ̀n, kí ó ki àgbọ̀nrín, ìṣẹ́jú méjì, láìsí kọ́ọ̀dù. Ìjálá sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu débi pé gbogbo wàhálà àmì ohùn parí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ á máa gbè "ó dára" fún un. Ẹ sọ iye àkókò fún un tẹ́lẹ̀ o. Ọdẹ tí wọ́n bá fún láyè kì í tètè bọ́ nínú igbó.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ti Ilé-Ifẹ̀ kọ ọ́, ti ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ láti ọ̀run, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, àti iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun ìgbín. Ó dùn ún kọ, àwọn ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ń kì ní a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu yóò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ìkarahun bá dé. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn kò ní ẹsẹ kan tí gbogbo èèyàn jọ há sórí, nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Ìdánrawò gba ọ̀sẹ̀ méjìlá, wákàtí méjì nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àṣà tó wọ́pọ̀ n'Ìbàdàn ni kí wọ́n kọ sol-fa tán kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Fún orin yìí, ẹ yí i padà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí nótì. Kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ sí agogo, gbogbo ẹgbẹ́, títí ẹnu wọn yóò fi ṣọ̀kan. Sol-fa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ há d r m yóò máa ti ọ̀rọ̀ bọ inú rẹ̀ bí ẹni ti aṣọ bọ àpótí tó ti kún, àmì ohùn ni yóò kọ́kọ́ já sílẹ̀. Ogójì akọrin tó: sopránò 14, áltò 10, tẹ́nọ̀ 7, báàsì 9. Tẹ́nọ̀ kì í pọ̀, nítorí náà ẹ má pín wọn sí méjì níbikíbi.

Aburú tó máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí ẹgbẹ́ máa rẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní D láìsí dùùrù, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n ti wà lẹ́bàá C, dùùrù wọlé, ó di ìjà. Bí Yorùbá ṣe ń rẹlẹ̀ níparí gbólóhùn ló ń tàn wọ́n: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun níbi tí ìlà tó ṣáájú parí sí. Ẹ kọ́ wọn láti máa gbé d padà sókè ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti mí, kí dùùrù sì máa fi d àti s nìkan ràn wọ́n lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, kó tó yọ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹnìkan wo bọ́tìnnì tó ń yí kíì padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Orin ìyìn òwúrọ̀ ló sábà máa ń fi í sílẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ẹ tẹ ìwé orin náà pẹ̀lú irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tó gba ẹ́ àti ọ̀ pọ̀ mọ́ àmì wọn, bíi Charis SIL; MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nótì, gbà á. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ sí Agbowó fún fọ́tòkọ́pì. Bí ẹ bá gbé fáìlì lásán lọ, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè sọ gbogbo àmì ohùn di àpótí kékeré, ẹ ó sì ti padà síbi tí Bíbélì àtijọ́ wà. Oṣù kọkànlá ló dára jù láti kọ ọ́ fún ìjọ: òjò ti lọ kúrò lórí páànù, ọyẹ́ kò sì tíì gbẹ ọ̀fun ẹnikẹ́ni.

Àwọn onílù ló kù. Dùndún ni mo fẹ́, ìyáàlù kan, kẹríkẹrì kan àti gúdúgúdú, kí wọ́n wọlé níbi "mọ́", kì í ṣe ṣáájú, àfi ìyáàlù nìkan. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ "òkùnkùn sì wà" kí akọrin kankan tó la ẹnu: ọ̀pá márùn-ún, gbogbo wọn nísàlẹ̀, okùn dẹ̀. Kó tún sọ ọ́ lẹ́yìn àṣẹ, nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ó dúró lẹ́yìn ọ̀pá kìíní. Ẹ má gbìyànjú láti bá dùùrù tún un ṣe. Awọ ìlù ń tẹ̀lé ojú ọjọ́, á dẹ̀ nígbà òjò, á le nígbà ọyẹ́, D dùùrù kò sì kàn án. Kí àwọn méjèèjì má ṣáà jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Onílù kò ní béèrè kíì, kò sì ní béèrè sol-fa. Ohun tó máa béèrè ni pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Ẹ fún un ní ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kọ, èyí tí àmì wà lórí gbogbo sílébù rẹ̀, kí ẹ tó fi nótì kankan sí i.